Ìwúkàrà Tí Mo Kọ́ Láti Jẹ Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí. Mo fẹ́ dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi. Ó tutù. Wọn kì í kí èèyàn. Ata wọn kì í ta. Ohun tó kù, ẹ jókòó kí ẹ kà á, torí kì í ṣe fàájì ni mo bá lọ, fàájì náà kò sì wá mi débẹ̀.

Ohun tó ń rùn

Màmá mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ Aládùúrà kan ní Àpòmù. Ìkirè ni ilé bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí, ṣùgbọ́n Àpòmù ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré mi. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí mọ òórùn tí mò ń wí. Bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n dì í sínú àpò, tí wọ́n sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi funfun á máa ṣàn jáde. Sítáàṣì ló sọ ọ́ di funfun bẹ́ẹ̀. Omi yẹn á dúró sínú kòtò, á kan, á sì máa rùn débi pé àlejò á máa wo bàtà ara rẹ̀ bóyá ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Àwọn obìnrin yìí ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìjọ bá wọn nídìí iṣẹ́ ni, ó fi pákó kọ́ ilé ìsìn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, màmá mi gan-an sì wà lára àwọn tó ru pákó náà. Nígbà tó yá, ìjọ gbèrú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ńlá, òórùn tí gbogbo wọn ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá di ohun tí imú wọn kò gbà mọ́. Bàbá Alàgbà, ẹni tó ń darí ìjọ náà, bá olórí ẹbí tó nilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tì sí ni pé kí ọjọ́ tí wọ́n máa ya ilé tuntun náà sí mímọ́ tó pé, àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ ti kó jáàkì àti àgbá wọn lọ sínú igbó lójú ọ̀nà Wásinmi. Ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ ìlọ̀, àwọn tó ń bá màmá mi ṣiṣẹ́ kì í sì ṣe ọmọge tó lè ru ẹ̀gẹ́ rìn débẹ̀. Bí wọ́n bá lé wọn lọ síbẹ̀, iṣẹ́ náà parí nìyẹn.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa àwọn ẹ̀dá kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Mo sọ fún màmá mi lọ́jọ́ kan pé sítáàṣì inú omi ẹ̀gẹ́ wọn ló ń jẹrà tó ń rùn. Bí a bá ní ìwúkàrà tó lè jẹ sítáàṣì náà tán kí kòkòrò mìíràn tó débẹ̀, òórùn náà á lọ. Ìwúkàrà tó bá sì ti ibẹ̀ pọ̀ sí i, a lè sè é, ká sá a, ká fi bọ́ adìyẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwúkàrà kì í jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ló ń jẹ. Ẹ da ìwúkàrà sínú sítáàṣì, ebi ni yóò pa á síbẹ̀.

Màmá mi kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Fadékẹ́, ṣebí ìwọ lò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé? Lọ kọ́ ìwúkàrà náà bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́."

Bí mo ṣe dé Skọ́tílándì nìyẹn.

Ararọ̀mí-Òwu

Kí n tó lọ, mo gba Ararọ̀mí-Òwu lọ bá àbúrò bàbá mi tó ń dá ẹmu. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ agbè rẹ̀, torí ìwúkàrà ló kún ibẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn òyìnbó kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tiwọn ni. Mo ṣàlàyé pé wọ́n ní in, ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú láàbù wọn ti di àkẹ́bàjẹ́, oòrùn wa á pa á, nígbà tí èyí tó ti ń gbé lórí ọ̀pẹ wa mọ ooru, ó mọ ẹ̀gbin, ó sì mọ ìyà. Bàbá náà wò mí títí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà má sọ fún wọn ọ̀pẹ tí mo ti bù ú.

Mo kán an sórí bébà mímọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Ìwúkàrà gbígbẹ lè sùn pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìkú. Òun ló sùn jù nínú àwa méjèèjì lójú ọ̀nà.

Dídé mi sí ìlú òtútù

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pàdé Prófẹ́sọ̀ tó gbà mí sí láàbù rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ó sì dàgbà tó bàbá mi. Bí mo ṣe rí i, orókún mi ti tẹ̀ kí n tó ronú. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀. Báyìí ni àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú gbogbo láàbù. Nígbà tí a dìde, ó ní kí n máa pe òun ní Álàn. Èmi? Kí n pe ẹni tó tó bàbá mi ní Álàn? Ọdún mẹ́ta ni mo fi pè é ní Prófẹ́sọ̀, ọdún mẹ́ta ló sì fi ń rán mi létí orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé mo jẹ́ onígbàgbé.

Ní òwúrọ̀, mo máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa, ilé ńkọ́, ṣé màmá wà ní àlàáfíà? Ọmọbìnrin kan dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ sì funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ pé nǹkan ti ṣe ìyá òun. Láti ọjọ́ náà mo gé ìkíni mi kúrú, àmọ́ ó dùn mí, n kò ní í purọ́. Ènìyàn á wọlé, á fi kóòtù kọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹni pé igi ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́ ṣe ni kí wọ́n kọ orúkọ sára nǹkan. Orúkọ wà lára kọ́ọ̀bù tíì, orúkọ wà lára àga, wàrà inú fíríìjì pàápàá ní olúwa rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú láàbù náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́írà, ló ń ṣọ́ òfin náà. Onínúure ni. Nígbà tó rí i pé mò ń gbọ̀n, ó fún mi ní súwẹ́tà ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọrùn súwẹ́tà náà.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ní àárọ̀, wọ́n ń jẹ nǹkan kan tí wọ́n fi ọkà óòtì rò, ó dà bí ògì tí wọ́n gbàgbé láti sẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní èyí tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ṣe, tí wọ́n gé mọ́ ọkà, tí wọ́n dì sínú àpòlúkù rẹ̀ tí wọ́n sì sè. Wọ́n rò pé n kò ní lè jẹ ẹ́, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i. Àbí kí ni wọ́n rò pé à ń fi inú ẹran ṣe nílé wa? Ata nìkan ló kù kó di oúnjẹ, wọn kò sì ní in. Èmi náà gbé dòdò Ìkirè tí mo dì lọ síwájú wọn nídìí tíì. Mọ́írà gbé e sókè, ó wo dúdú rẹ̀, ó bi mí bóyá oògùn ni. Nígbà tó tọ́ ọ wò, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó lọ wá omi.

Pákó kan ṣoṣo

Ibi tí ìjà èmi àti Prófẹ́sọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Sítáàṣì jẹ́ ṣúgà tí a so pọ̀ gbọọrọ, tó sì tún yọ ẹ̀ka. Kí ìwúkàrà tó lè jẹ ẹ́, ó nílò nǹkan mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ: ọ̀kan á gé e láàárín, ọ̀kan á máa bù ú jẹ láti ìdí, ẹ̀kẹta á gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrò. Ẹ̀dá mìíràn ní àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyí. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá kan lè ṣe, ni a máa mú lára wọn, tí a ó fi sínú ìwúkàrà tèmi.

Prófẹ́sọ̀ ní kí n kó jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òrùka kéékèèké tó máa ń léfòó nínú ìwúkàrà. Ó yá, kò ní wàhálà, kí ọdún tó yí po a ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀. Mo ní rárá. Òrùka yẹn dà bí ẹrù tí a gbé lé orí láìdè é. Ìwúkàrà kì í rù ú àfi bí ebi bá ń hàlẹ̀ mọ́ ọn. Nínú láàbù, a lè fi oúnjẹ du òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó má bàa sọ ọ́ nù. Ní Àpòmù ńkọ́? Kòtò tó kún fún onírúurú oúnjẹ la fẹ́ dà á sí, kí oṣù tó parí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ti ju ẹrù náà nù. Ta ni yóò dúró ti kòtò máa ṣọ́ ọ? Màmá mi?

Mo ní a ó ran jíìnì náà mọ́ ara àjogúnbá rẹ̀ gan-an, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kó má lè ṣubú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Prófẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rántí pé ìwúkàrà orí ọ̀pẹ ni tèmi, pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ti bà jẹ́ fún iṣẹ́ láàbù? Ìyẹn ni pé àmì kan ṣoṣo péré la ní láti fi mọ èyí tó gba jíìnì àti èyí tí kò gbà. Àmì kan, jíìnì mẹ́ta. Ó ní kí n lọ ṣe ètò rẹ̀ fún òun lórí bébà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo ṣe é. Mo ṣe é bí bíríkìlà tó ní pákó ẹyọ kan ṣe ń mọ ògiri. Yóò fi pákó ti ògiri kìíní títí yóò fi gbẹ, yóò yọ ọ́, yóò gbé e lọ sí ìkejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ba ìwúkàrà náà jẹ́ díẹ̀ kó má lè ṣe èròjà kan fúnra rẹ̀, tí kò bá sì rí èròjà yẹn jẹ á kú. Mo máa wá fi jíìnì ọ̀bẹ kìíní sínú rẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe àbùkù náà. Bí mo bá fi wọ́n sórí oúnjẹ tí èròjà náà kò sí, èyí tó bá yè ló gba ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa fún wọn ní oògùn kan tó ń pa gbogbo èyí tí àtúnṣe náà ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó bá ti já àtúnṣe nù ló máa yè, ọ̀bẹ sì ti wà lára wọn. Pákó ti bọ́ nìyẹn, ó di ọ̀bẹ kejì.

Ètò náà tọ̀nà. Prófẹ́sọ̀ kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó tọ̀nà. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n yóò jẹ gbogbo àkókò tí o ní níbí, àti pé kò sí àyè fún àṣìṣe kankan." Mo ní kò burú. Ẹ̀yin ará ilé, nígbà tí bàbá ọlọ́jọ́ lórí bá sọ irú nǹkan báyìí fún yín, ẹ má dáhùn kíákíá.

Ìròyìn páànù

Màmá mi máa ń kọ lẹ́tà. Akọ̀wé ìjọ ló ń bá a kọ ọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé ìsìn ló máa ń ṣíwájú. Mo máa ń ka ìkíni, n óò sì máa wá ibi tí ilé dé. Nígbà tí mò ń ba ìwúkàrà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ògiri ilé ìsìn tuntun náà ti dé ojú fèrèsé. Mo gbàdúrà kí owó símẹ́ńtì wọn wọ́n. Ọlọ́run dárí jì mí, mo mọ̀ pé ìjọ màmá mi ni.

Ọ̀bẹ kìíní gbà mí ní àkókò tí mo rò pé yóò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màá fi jíìnì sí i, gbogbo wọn á kú. Màá tún fi sí i, wọ́n á yè, inú mi á dùn, n óò kọ orúkọ ńlá sára àwo bí Mọ́írà ṣe fẹ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí n óò rí i pé kò sí ọ̀bẹ kankan lára wọn. Èyí ṣẹlẹ̀ títí ó fi sú mi. Àwọn tí mo kánjú sọ lórúkọ ló ń já mi kulẹ̀. Ẹ̀yin mọ bí ó ṣe rí nílé wa. A kì í sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. A máa jẹ́ kó di ọjọ́ kẹjọ ká lè mọ̀ pé ó wá dúró. Mo pinnu pé ìwúkàrà tèmi náà á gba irú ìkíni káàbọ̀ yẹn. Kó tó pé ọjọ́ kẹjọ tó ń jẹ sítáàṣì lójú mi, kò ní orúkọ.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ìpinnu yìí ni ọ̀bẹ kìíní dúró. A máa ń da áyódíìnì sórí àwo tí sítáàṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tí sítáàṣì wà á dúdú bí aró, ibi tí ìwúkàrà ti jẹ ẹ́ á mọ́ roboto. Ọjọ́ tí mo rí roboto àkọ́kọ́, mo jó ní láàbù. Àwọn igi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi gbójú sókè, Prófẹ́sọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀bẹ kejì tẹ̀ lé e, roboto náà sì fẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì pé ọjọ́ kẹjọ, mo sọ wọ́n lórúkọ, mo fi wọ́n pamọ́ sínú ẹ̀rọ amómidì. Lẹ́tà màmá mi dé: wọ́n ti ń kan páànù.

Ọjọ́ Jímọ̀

Àkókò mi ti ń tán lọ nígbà tí ọ̀bẹ kẹta wọlé. Àwo kan ṣoṣo ni, ìwúkàrà mélòó kan péré ló yè lórí rẹ̀, mo sì mọ̀ lójú wọn pé àwọn nìyí. Mo gbé wọn sí igun kan nínú yàrá tútù. N kò kọ nǹkan kan sí i. Ọjọ́ kẹjọ wọn bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mọ́írà ń tọ́jú yàrá tútù. Ohun tí kò bá ní orúkọ, inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se ẹ̀gbin pa ló ń lọ. Mo mọ òfin náà, ó wà lára ìlẹ̀kùn. Mo rò pé igun tèmi ti di igun Fadékẹ́, pé gbogbo ayé mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń lo ibẹ̀. Nílé wa, ta ló máa gbé ọmọ tuntun dànù torí pé wọn ò tí ì sọ ọ́ lórúkọ?

Nígbà tí mo dé, àwo náà ti jinná.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ní yàrá tútù títí Mọ́írà fi wá bá mi. Ó béèrè ìdí tí n kò fi kọ orúkọ sí i. Mo sọ fún un. Omi lé sí ojú rẹ̀. Ó ní, "Níbí, ohun tí kò ní orúkọ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni." Mo ní nílé wa, ohun tí kò tí ì ní orúkọ ni gbogbo ilé ń ṣọ́. Ó bẹ̀ mí, mo ní kò sí nǹkan kan, irọ́ ni mo sì pa. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò sì tí ì mọ ẹni tí ó yẹ kí n máa bínú sí.

Prófẹ́sọ̀ wo kàlẹ́ńdà, ó wo ètò mi. Láti tún gbé pákó padà, oṣù pọ̀ tí n kò ní. Ó ní kí n gbé ọlọ́bẹ méjì lọ, ó fọwọ́ sí i, ó sì fún mi ní ìmọ̀ràn bí mo ṣe máa sé e mọ́ dáadáa kó má bàa tàn káàkiri. Ó ní ó ṣe é ṣe kó tó. Ó ṣe é ṣe! Mo fi ọdún mẹ́ta ra ó ṣe é ṣe.

Àpòmù

Páànù ilé ìsìn ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo dé, ó ń tàn yanran. Ọjọ́ ìyàsímímọ́ ti sún mọ́lé, àwọn obìnrin ti ń di àpò wọn. Màmá mi dì mọ́ mi, ó fọwọ́ pa orí mi, ó wá bi mí létí bóyá mo kọ́ ọ. Mo ní mo kọ́ ọ dé ibì kan.

Ní láàbù yunifásítì wa, mo tọ́ ìwúkàrà náà dàgbà láàárín iná tó ń lọ tó ń bọ̀, mo gbé e wá sí Àpòmù nínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn obìnrin ti fọ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ti da omi ẹ̀gẹ́ tuntun sí i. Mo da ìwúkàrà lé e lórí, mo bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó ń hó kùṣùkùṣù. Mo bu díẹ̀, mo kán áyódíìnì sí i. Dúdú rẹ̀ ti lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ́ tán. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀ka nìyẹn, ẹ̀ka tí ọ̀bẹ kẹta ì bá gé. Mo bínú títí n kò fi lè jẹun, màmá mi sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wà nínú ilé ìsìn onípákó. Bàbá Alàgbà ń wàásù. Díẹ̀díẹ̀, mo rí i tí àwọn èèyàn ń gbé imú sókè. Wọ́n ń wo ara wọn. Èmi náà gbọ́ ọ. Òórùn ẹmu ni, ẹmu àárọ̀ gan-an, ó ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ìwúkàrà orí ọ̀pẹ Ararọ̀mí-Òwu ti rí ṣúgà jẹ, ó sì ń ṣe ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ronú ọ̀bẹ, mo ronú pákó, mo ronú àmì, n kò ronú pé ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò.

Bàbá Alàgbà dá ìwàásù dúró. Wọ́n bi wá pé ta ló gbé ẹmu wá sílé Ọlọ́run.

Màmá mi dìde. Ó ní, "Bàbá, èmi ni. Omi ẹ̀gẹ́ wa ni."

Bàbá Alàgbà jáde, gbogbo ìjọ tẹ̀ lé wọn nínú aṣọ funfun. Bàbá Alàgbà ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n lọ sí etí kòtò, wọ́n padà wá. Wọ́n bi màmá mi pé òórùn tàná dà. Màmá mi ní ọmọ òun gbé nǹkan wá, ó sì ti jẹ ẹ́. Wọ́n kọjú sí mi. Mo rí igbó Wásinmi lójú mi.

Bàbá Alàgbà ní, "Fadékẹ́, èyí àtijọ́ ń lé wa jáde nílé àdúrà. Èyí tí o gbé dé yìí ń pè wá lọ sí ibòmíràn. Mo mọ̀ ọ́n, torí mo ti gbé ibẹ̀ rí."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Mo yára sọ fún wọn pé bí a bá ń rò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọlé, ìwúkàrà náà kò ní ṣe ọtí púpọ̀, ara ni yóò máa fi ṣúgà náà kọ́. Mo ní kò ì tí ì parí, ọ̀bẹ kan kù, kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù. Bàbá Alàgbà gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n bi mí pé ṣé rírò nìkan ló kù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé kí wọ́n máa sè é kó tó kúrò nínú ọgbà. Wọ́n yíjú sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, wọ́n ní àwọn ni yóò máa ro dúrọ́ọ̀mù náà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún màmá mi pé kí àwọn obìnrin tú àpò tí wọ́n dì.

Màmá mi kàn ń yí orí gèlè rẹ̀ bí ẹni pé gèlè ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ pé. Mo ti dúró ti dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti àárọ̀, mo ń bá wọn jà pé wọn ò rò ó dé ìsàlẹ̀, torí náà ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé. Màmá mi wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Àwọn tí kì í jókòó tì í tẹ́lẹ̀, tí wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ nítorí òórùn tó wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ló há mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Mo rìn dé ibẹ̀, mo ní kí wọ́n sún fún mi. Màmá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Fadékẹ́, kò sí àyè." Mo padà sí ẹnu ọ̀nà, mo fara ti ògiri tuntun. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ebi ń pa mí, inú ń bí mi, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.